Bí Ẹsẹ̀ Ṣe Ń Tún Ìrìn Kọ́ Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀

Nígbà tí olóòtú ní kí ẹni tó bá mọ nǹkan kan dáadáa wá ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí, àwọn kan yan oúnjẹ, àwọn kan yan bọ́ọ̀lù. Èmi yan físíò. Físíò ni gbogbo ènìyàn ń pè é ní ọsibítù níbí, ì báà jẹ́ Yorùbá, Háúsá tàbí Gbàgyí, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni èmi náà á ṣe máa pè é. Àwọn tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ara ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí wọ́n ṣe ń ran ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lọ́wọ́ kí ó lè tún dúró, kí ó sì tún rìn. Àrùn náà mú Màmá Àgbà wa ní Kubwa ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, èmi sì ni ògbufọ̀ wọn ní gbogbo ìsinmi. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí mo ti gbọ́ ọ ní họ́sítẹ̀lì tí wọ́n ń pa méjì pọ̀. Rọpárọsẹ̀ kì í ṣe rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ o. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń kán oògùn rẹ̀ sí ọmọdé lẹ́nu, tí kòkòrò àìfojúrí ń fà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irú rẹ̀ tó wá látinú ìgbẹ́ ti tán nílẹ̀ Áfíríkà. Rọpárọsẹ̀ yàtọ̀. Kì í ran ènìyàn. Inú orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá àti ẹsẹ̀ la ti ń rí i. Àwọn àgbà kan ń pè é ní ẹ̀gbà.

Ọpọlọ wa kò tóbi. Bí a bá pín ìwọ̀n ara ènìyàn sí ọ̀nà 100, ọpọlọ kò ju bíi 2 lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri ara, òun nìkan ń gba bíi 20. Ọ̀jẹun ni, kò sì mọ bí a ṣe ń fi oúnjẹ pamọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kíá ni apá ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọ̀nà méjì ni èyí ń gbà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, bí irun ṣe ń dí páìpù bàlùwẹ̀ wa. Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ìkejì ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ. Ní ọdún 2006, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jeffrey Saver ṣe ìṣirò pé bí iṣan ńlá kan bá dí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń kú ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú kan o! Nítorí náà bí ẹ bá rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan lójijì, tí kò lè gbé ọwọ́ kan sókè, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe àkókò omi gbígbóná àti ìpara.

Ọpọlọ apá ọ̀tún ló ń darí ara apá òsì, ti òsì ló ń darí apá ọ̀tún. Ti Màmá Àgbà, apá ọ̀tún orí ni, nítorí náà apá àti ẹsẹ̀ òsì ló rọ. Ní ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ wà, ìdí nìyẹn tí ẹnu wọn kò fi ní nǹkan kan. Bí ẹ bá bi àwọn ará ilé wa, wọ́n á ní ẹnu náà tún mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa rò ó pé bí sẹ́ẹ̀lì bá ti kú, kí wá ni eré ìmárale fẹ́ ṣe? Ẹsẹ̀ kọ́ ló ṣàìsàn, orí ni. Èmi náà bi Àǹtí Físíò bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn wọn ni pé èyí tó kú kò ní jí, ṣùgbọ́n àwọn tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba àárín koríko láti kíláàsì lọ sí ilé oúnjẹ wa. Kò sí ẹni tó fi kátákátá là á. Ẹsẹ̀ wa ló là á, nítorí pé ojoojúmọ́ la ń gba ibẹ̀. Bí a bá gba ibòmíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, koríko á hù padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ọpọlọ: ohun tí ènìyàn bá ń ṣe léraléra ló ń la ọ̀nà. Ìdí nìyí tí físíò kò fi jẹ́ nǹkan tí wọ́n ń ṣe fún aláìsàn. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Kí ẹlòmíràn máa fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sódò dára fún oríkèé kí ó má bàa le gan-an, ṣùgbọ́n kò la ọ̀nà kankan.

Iye ìgbà náà ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà jókòó ti àwọn tó ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń ka ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní ìjókòó kan tí wọ́n bá kọ́ ìrìn, ìpíndọ́gba ìṣísẹ̀ jẹ́ 357. Ti ọwọ́ kò ju 32 lọ. Àwọn ẹranko tí wọ́n fi ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ ọpọlọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lóòjọ́ ni wọ́n ń ṣe ohun kan náà kí àyípadà tó dé. Èmi àti ìwọ tí a wà ní họ́sítẹ̀lì, a ti lè rin ìṣísẹ̀ 357 kí agogo ìdárayá òwúrọ̀ tó dákẹ́.

Ṣùgbọ́n àṣejù náà wà. Ní ọdún 2015, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ènìyàn 2,104 ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn kan dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí wákàtí 24 tó pé, léraléra, pẹ̀lú agbára. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá nínú wọn kò tó ti àwọn tí wọ́n ṣe jẹ́jẹ́. Nítorí náà dókítà àti físíò ló máa sọ ọjọ́ tí ìbẹ̀rẹ̀ yẹ, kì í ṣe ẹbí tí ara ń gbóná.

Kí a tó dé orí ìrìn, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa dídúró, nítorí òun ló ṣòro jù, a ò kàn mọ̀ ni. Àwọn mẹ́ta ló ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ kí a má bàa ṣubú. Ojú wà níbẹ̀. Inú etí lọ́hùn-ún náà wà níbẹ̀, níbi tí omi díẹ̀ wà tó ń sọ bí orí bá tẹ̀. Ìkẹta ni àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé, tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ẹ dán an wò: ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró, kò le. Ẹ wá di ojú yín. Ẹ ti rí i? Ojú nìkan la yọ kúrò, ara ti ń ta gbọ̀ngbọ́n. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì òkè.) Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lè máà mọ ilẹ̀ lára lábẹ́ ẹsẹ̀ kan rárá. Ìránṣẹ́ kan ti sálọ, iṣan ẹsẹ̀ náà kò lágbára, ọpọlọ tó yẹ kó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sì ti farapa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, kò ṣe ojo.

Ibi ìjókòó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí wọ́n bá gbé Màmá Àgbà jókòó, apá òsì ni wọ́n ń ṣubú sí bí àpò ẹ̀lúbọ́ tí kò kún. Mo sọ ti ẹ̀lúbọ́ nítorí òun ni wọ́n ń tà lọ́jà Kubwa kí àìsàn tó dé. Àǹtí Físíò gbé wọn jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, wọ́n wá gbé ife síwájú, ó jìn díẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ lè dé lọ. Kí Màmá tó lè mú un, wọ́n ní láti tẹ̀ síwájú kí ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gan-an. Wọ́n gbé ife náà sápá ọ̀tún, wọ́n gbé e sápá òsì, wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dà bí eré ọmọdé, àmọ́ ògùn bò wọ́n.

Ibí ni èdè Yorùbá ti wọ̀ ọ́. Àǹtí Físíò jẹ́ ọmọ Ìdọ̀mà láti Benue, wọn ò gbọ́ Yorùbá, Màmá Àgbà náà ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá ti ọjà. Nígbà tí èmi wà níléèwé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń túmọ̀. Àǹtí ní kí Màmá gbé ara sí ẹsẹ̀ òsì, ẹ̀gbọ́n mi wá túmọ̀ rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ gbé ìwúwo yín lọ sápá òsì." Màmá wò ó. "Ìwúwo wo? Ṣé ẹrù ni mo rù ni?" Wọn ò sì ṣe é. Nígbà tí mo dé ní ìsinmi Kérésìmesì, mo sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé: "Màmá, ẹ gbára lé ẹsẹ̀ òsì." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Mi ò lè gbára lé e. Ọ̀dàlẹ̀ ni."

Mo túmọ̀ ìyẹn fún Àǹtí Físíò, wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹni náà kì í fẹ́ gbára lé e mọ́. Á máa fi ẹsẹ̀ tó dá ṣe ohun gbogbo. Èyí tó rọ á wá máa rọ sí i nítorí kò níṣẹ́ ṣe, ọ̀nà inú ọpọlọ náà á sì padà di koríko. Nítorí náà ìdajì iṣẹ́ físíò ni kí wọ́n mú kí ènìyàn tún gbára lé ẹsẹ̀ tó ti dà á. Wọ́n gbé Màmá dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì tó le, àga wà lẹ́yìn tí wọ́n bá fẹ́ ṣubú, Àǹtí dúró lápá òsì. Wọ́n á gbára lé òsì, wọ́n á padà sí ọ̀tún. Òsì, ọ̀tún. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń gun orí àpótí kékeré kan, ó ń sọ̀kalẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé òsì nìkan ló ru gbogbo ara fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ẹsẹ̀ méjèèjì súnmọ́ra, lẹ́yìn èyí ọ̀kan síwájú èkejì. Bí ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni dídúró ń le sí i.

Dídìde lórí àga ni mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé, nítorí ẹ lè ṣe é bí ẹ ti ń kà á. Ẹ sún ìdí wá sí etí àga. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí gìgísẹ̀ wà lẹ́yìn orúnkún. Ẹ tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá orúnkún, kí ẹ tó dìde. Ẹ wá gbìyànjú láti dìde láì tẹ̀ síwájú rárá. Kò ṣeé ṣe! Ọ̀pọ̀ tí àrùn yìí mú ń gbàgbé títẹ̀ síwájú, tàbí kó máa bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n á máa ti ara wọn sẹ́yìn, ẹbí á wá máa fa wọ́n ní ọwọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pọn ọmọ." Ó tán. Wọ́n ti pọn ọmọ mẹ́fà àti ọmọ-ọmọ tí mi ò lè kà. Ara wọn mọ̀ ọ́n kí orí tó mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti lè dìde, físíò á fa ẹsẹ̀ tó rọ sẹ́yìn díẹ̀ ju èkejì lọ, kí ó má bàa sálọ fún iṣẹ́. Màmá ń ṣe mẹ́wàá, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún ṣe mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Ó wá ku ìrìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ kì í lè gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè dáadáa, nítorí náà ìka ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, bí kò bá sì fẹ́ kó wọ́, á máa yí gbogbo ẹsẹ̀ po bí ẹni ń fi í gbálẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ni kí orúnkún tẹ̀, kí gìgísẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, kí ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn kan ń wọ pátákó oníke kan sínú bàtà tó ń di ọrùn ẹsẹ̀ mú kó má bàa wọ́lẹ̀. Sílípáàsì kò dára rárá. Bàtà tó ní ẹ̀yìn ni. Kápẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀ ní pálọ̀, kí wọ́n ká a kúrò.

Ọwọ́ wo ló yẹ kó mú ọ̀pá ìtìlẹ̀? Nínú ẹbí wa, ìjà ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn kan ní apá tó rọ, nítorí ibẹ̀ ló nílò ìrànlọ́wọ́. Rárá o. Ọwọ́ tó dá ló ń mú un. Ọ̀pá ló ń kọ́kọ́ lọ síwájú, ẹsẹ̀ tó rọ tẹ̀ lé e tàbí kí wọ́n jọ lọ, èyí tó dá ló kẹ́yìn. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ló ń ṣáájú bí a bá ń gòkè, èyí tó rọ ló ń ṣáájú bí a bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ máa ń dúró lápá tó rọ, sẹ́yìn díẹ̀, kì í ṣe iwájú. Kò sì gbọ́dọ̀ fa apá tó rọ, nítorí èjìká ibẹ̀ lè yẹ̀. Ọ̀já ìpọnmọ la so mọ́ ìbàdí Màmá, a sì ń di ọ̀já náà mú lẹ́yìn. Àǹtí Físíò ní ó dára gan-an, wọ́n ní kí a ṣáà so ó kó le.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ó ń dára sí i? Wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ìdánwò kan wà láti Kánádà, ọdún 1989, tí Katherine Berg dá sílẹ̀: iṣẹ́ 14, láti orí jíjókòó láìfẹ̀yìntì dé orí fífi ẹsẹ̀ kan dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 0 sí 4, gbogbo rẹ̀ 56. Èkejì rọrùn jù: ẹni náà á dìde lórí àga, á rin mítà 3, á yípo, á padà wá jókòó, wọ́n á sì wo aago. Ẹ̀kẹta ni pé kí wọ́n rin mítà 10. Èyí ni mo fẹ́ràn nítorí ìṣirò wà níbẹ̀. Ní ọdún 1995, Jacquelin Perry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹni tí kò tó mítà 0.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, inú ilé ni ìrìn rẹ̀ mọ. Láàárín 0.4 sí 0.8, ó lè jáde díẹ̀. Bó bá ju 0.8 lọ, ó lè lọ sí ọjà. Ní Kérésìmesì, 40 ìṣẹ́jú àáyá ni Màmá fi rin mítà 10, ìyẹn 0.25. Ní ìsinmi Àjíǹde, 22 ni, ìyẹn bíi 0.45. Ọ̀nà tó wà níwájú ilé wọn fẹ̀ tó mítà 8, wọ́n á lo bíi 18 ìṣẹ́jú àáyá kí wọ́n tó dá a kọjá. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá wo ló fẹ́ dúró fún 18? Nítorí náà, a ṣì ń bá a lọ.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ẹ̀rọ ló ń mú ènìyàn rìn, pé bí a bá ti lówó ká lọ sí òkè òkun, ó parí. Ní ọdún 2011 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ènìyàn 408 ṣe. Wọ́n fi okùn so àwọn kan rọ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, kí ara fúyẹ́ fún wọn. Fún àwọn mìíràn, físíò ló ń wá sílé wọn, eré ìmárale lásán, ti agbára ẹsẹ̀ àti ti dídúró. Nígbà tó di ọdún kan, bí ìdajì gbogbo wọn tó lé díẹ̀ ló ti ń rìn dáadáa sí i, ẹ̀rọ ò sì borí eré ìmárale ilé. Inú mi dùn sí ìyẹn, nítorí àga, tábìlì àti àtẹ̀gùn, gbogbo wa la ní wọn. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ní Íńdíà, wọ́n fi ènìyàn 1,250 ṣe òmíràn tó jáde ní 2017. Wọ́n kọ́ ẹbí bí wọn á ṣe máa ṣe é fúnra wọn nílé, àwọn aláìsàn náà kò sàn ju àwọn tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì pàdé síbì kan: ẹ̀rọ kọ́, ẹbí nìkan náà kọ́, àfi kí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa wo ẹsẹ̀ kí ó sì máa mú un le sí i.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn egungun ní Igbóbì, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ ní 1945 láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó farapa lójú Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ físíò ti fìdí múlẹ̀ nílẹ̀ wa. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1966. Ìbàdàn yẹn kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti ka àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú láàárín ìlú láti 1973 sí 1975. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà jáde, lórí àwọn tó lé ní 2,000 tí àrùn náà mú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fà á. Iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ náà wà níbẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa ẹ̀fọ́ sí etí àwo ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo ń wò yín.) Àwọn olùkọ́ físíò ní Ìbàdàn tún yí ìbéèrè 49 kan nípa ìgbé ayé ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú sí èdè Yorùbá, wọ́n sì dán an wò títí ó fi péye, ó jáde ní 2017. Nígbà tí mo gbọ́ èyí ni mo mọ̀ pé wàhálà "ìwúwo wo" kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Níbí ní Abuja, National Hospital àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà ní Gwagwalada ní ẹ̀ka físíò.

Ohun tó le jù kò sí nínú ìwé kankan. Ní ìsinmi Àjíǹde, ẹbí ṣe ìpàdé. Owó físíò àti owó ọkọ̀ láti Kubwa, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ti pọ̀. Àwọn kan ní Màmá ti rìn, ó ti tó. Bàbá àgbà kan ní iṣẹ́ ayé ni, kí wọ́n dá ọsibítù dúró kí wọ́n gbé wọn lọ síbi àdúrà. Ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíṣínì. Àǹtí Físíò ti sọ fún wa pé ìlọsíwájú máa ń yá jù ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́, pé lẹ́yìn ìyẹn á máa falẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dúró bí ènìyàn bá ń ṣe é. Kò sí ẹni tó rántí sọ ọ́. Màmá Àgbà ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ gbàdúrà fún mi, mo fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbà á, kí n wà lórí ìdúró." Wọ́n wá fi imú kọjá orúnkún, wọ́n dìde láìdi nǹkan kan mú, wọ́n rìn lọ sí yàrá wọn. Ìpàdé tú ká. Wọ́n fẹnu kò sí i pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n á máa lọ, ìyókù á máa wáyé nílé.

Èyí tó wà nílé ni mo kọ sórí káàdì ńlá kan, tí Àǹtí Físíò yẹ̀ wò lẹ́yìn tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀. Ẹ tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pọn ọmọ. Ẹ gbára lé òsì. Gìgísẹ̀ kọ́kọ́. Ọ̀pá, òsì, ọ̀tún. Màmá mọ̀wé kà díẹ̀díẹ̀, bí wọn ò bá sì rí ọ̀rọ̀ kan kà, ọmọ àbúrò mi tó wà ní Prámárì 2 á kà á fún wọn, á sì ka iye ìgbà.

Ọ̀rọ̀ kan ló ṣì ń dà mí láàmú lórí káàdì náà, orúkọ ohun tó ń mú kí ara má ṣubú nígbà tí a dúró. Mo kọ "ìdúróṣinṣin." Màmá ní ìwà ènìyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ní báyìí, "dídúró láìdi nǹkan mú" ló wà níbẹ̀, ó sì gùn jù fún ojú káàdì. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, bá ní èyí tó dára jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ kí a tó gba ìsinmi, nítorí omi ti ta sí káàdì ti àkọ́kọ́, tuntun ni mo fẹ́ kọ lọ.